Ẹ̀yìn Tó Pọn Màmá

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rin ni mí ní ọdún tí mo bá obìnrin kan wí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi dúró níwájú kíláàsì, mo sì gbà pé bí ọmọ bá ti jókòó síwájú mi, mo lè mọ èyí tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Àṣìṣe ni. Obìnrin tí mo bá wí yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àṣìṣe ni, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n má sì fo ibi tí kò dùn mọ́ mi nínú.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá wa kọ́ sí Súrùlérè ni èmi àti Màmá ń gbé. Àwọn ayálégbé wà nísàlẹ̀, àwa wà lókè. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàdọ́rùn-ún ni Màmá. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sì ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Sísanra rẹ̀ nìkan ni kò mú. Nígbà tí Màmá ń ta aṣọ ní ọjà Òtò, àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń fi í ṣeré pé òun nìkan kún ìsọ̀ méjì.

Olùtọ́jú méjì ti wá, wọ́n sì ti lọ. Èyí àkọ́kọ́ lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Èkejì wo Màmá lórí ibùsùn, ó wo èmi náà, ó ní, "Mà, ẹ má bínú o. Èmi ò wá sí Èkó wá gbé àjànàkú." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀.

Obìnrin kan ní Pápá Àjàó tó máa ń bá àwọn èèyàn wá olùtọ́jú ló mú ẹnì kẹta wá. Láti abúlé kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ni ẹni náà ti wá, ní òdìkejì ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ègùn ni èdè ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni. Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni. Ó kúrú, ó sì tín-ínrín, débi pé nígbà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ náà. Ó ti ń tọ́jú arúgbó káàkiri Èkó fún ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i.

Mo ti lẹ tìmútébù mọ́ ògiri yàrá Màmá kó tó dé, bí mo ṣe máa ń lẹ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì: aago tí a ó fún un ní oògùn, aago tí a ó fún un ní oúnjẹ, aago tí a ó yí i padà kí egbò má baà jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí. Ó ní òun ń bọ̀. Ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dùbúlẹ̀. Mo ní aṣọ ni wọ́n tà. Ó na ìró tó ró sí Màmá.

"Màmá aláṣọ, ẹ bá mi wo ìró yìí. Ojúlówó ni, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ?"

Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú etí ìró náà, ó fi ìka méjì rà á síhìn-ín, ó rà á sọ́hùn-ún, ó sì fà á bí ẹni tó fẹ́ ya á. Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó sì yínmú. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Wọ́n rẹ́ mi jẹ!" Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ṣì wà lára tìmútébù.

Kò fi bẹ́ẹ̀ wo tìmútébù yẹn rí. Àdúgbò ni aago rẹ̀. Nígbà tí agogo ilé ìwé tó wà lójúkojú wa bá lù, yóò yí Màmá sí ọ̀tún. Nígbà tí oníbúrẹ́dì bá kọjá, ó di òsì. Tí wọ́n bá pe ìrun ọ̀sán, yóò tún un yí. Ẹ̀rọ amúnáwá aránṣọ ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń padà lọ sílé ní tiwọn. Mo fi aago ọwọ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Kí n má parọ́, àṣìṣe ni mo ń wá. N kò rí. Kò sí ìgbà tó yẹ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó ní ọ̀nà tó máa ń gbà ṣe gbogbo nǹkan. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ nu aṣọ ibùsùn títí kò fi ní ká níbì kankan, nítorí pé, bó ṣe sọ, ibi tí aṣọ bá ká sí ni ara yóò ti bó. Yóò fi òrí pa ìgìgísẹ̀ Màmá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Kì í fi ṣíbí sí Màmá lẹ́nu láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi hàn án, kó má baà dà bíi pé oúnjẹ kàn ń yọ́ wọ èèyàn lẹ́nu. Màmá kò ní egbò kankan. Dókítà tó máa ń wá wò ó ní òun kì í sábà rí irú rẹ̀, àní ní ilé ìwòsàn pàápàá.

Ìwẹ̀ ni wàhálà wa. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Yábàá ti ra àga oníkẹ̀kẹ́ fún Màmá, ṣùgbọ́n àga náà kò gba ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ kọjá. Ìbú ọwọ́ kan péré ló kù. Mo sọ fún àbúrò mi pé ká fẹ ẹnu ọ̀nà náà lójú. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ká ta ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ògiri tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, ọwọ́ tiwa la ó fi wó o?"

Ni àga bá di ibi tí à ń kó aṣọ tí a ká sí.

Àǹtí ló yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àga yẹn sinmi, mà. Ṣé Màmá ò pọn ẹ̀yin ni? Ó ti kan àwọn náà láti gun ẹ̀yìn." Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ibùsùn, ó ní kí n ti Màmá sún mọ́ òun, ó fi ìró gbá a mọ́ra, ó sì ní kí n fi ọ̀já dì í lókè. Ó mí kanlẹ̀. Ó dìde. Ẹsẹ̀ Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá ló wà láti ibùsùn dé balùwẹ̀, mo kà á. Láàárọ̀ ni, àti ní ìrọ̀lẹ́, lílọ àti bíbọ̀.

Ẹ wá wo ìyìn! Àwọn ẹbí tó wá kí wa yọ fóònù, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Àwọn ayálégbé ń sọ ọ́ lójú pópó. "Ọlọ́run á san án fún ẹ o, Àǹtí." "Ìwọ tín-ín-tín báyìí!" Èmi náà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, tí mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, tí mò ń wò ó bí ẹni ń wo eré ìdárayá. Mo máa ń yìn ín tọkàntọkàn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé gbogbo ìgbà tí mo ń yìn ín yẹn, ọwọ́ mi méjèèjì kò ṣe nǹkan kan.

Oṣù mẹ́wàá lọ bẹ́ẹ̀. Mo ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kan: ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ohun tó jẹ, oorun tó sùn. Nínú ìwé náà ni mo ti rí i lẹ́yìn náà pé ẹ̀rí ti wà níwájú mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Àǹtí kò sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ó tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni. Ó ń fi ọ̀já di ìbàdí rẹ̀ pinpin láti àárọ̀ títí dalẹ́. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń múra lọ́dọ̀ wọn ni. Màmá ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwẹ̀. Bí Àǹtí bá ti bẹ̀rẹ̀ fún un, yóò le gan-an bí igi, yóò fi ọwọ́ ọ̀tún di etí ibùsùn mú, yóò máa sọ pé, "Fi mí... sílẹ̀." Mo mú báírò pupa, mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Màmá ṣagídí lónìí." Mo tún fa ìlà sí i nídìí. Ẹ̀ẹ̀méje ni mo kọ ọ́ lápapọ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo rí. Àǹtí kò kúnlẹ̀ kí èèyàn mọ́. Nígbà tó dé, yóò kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀, yóò kúnlẹ̀ fún Màmá, yóò kúnlẹ̀ fún àlejò. Ó wá di pé ó ń tẹ orí ba díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ògiri.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì wá kí Màmá. Àǹtí ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó tẹ orí ba, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó bọ́ sí kíṣìnì. Ìyá kan wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yí sí mi, ó ní:

"Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo ọmọ Súrùlérè, ẹ wá fi ti inú ilé yín sílẹ̀. Àbí irin ni wọ́n fi ṣe orúnkún rẹ̀ ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí, n kò sì jẹ́ kó tutù kí n tó ṣe nǹkan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí Màmá jẹ ògì tán, mo pe Àǹtí sínú yàrá. Ohùn kíláàsì ni mo lò, èyí tí kì í pariwo.

"Àǹtí, inú mi dùn sí iṣẹ́ rẹ. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. N kò mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín..."

"A máa ń kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé?"

Ó wo Màmá. Màmá wò ó. "Kò sí nǹkan, mà. Mo gbàgbé ni."

"Ohun tí èèyàn bá gbàgbé, ó máa ń tún un ṣe ni. Ṣe é kí n rí i."

Mo mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó di etí ibùsùn mú. Ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fi èkejì kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"O ṣeun. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn."

Mo yí padà sí tíì mi. Mo mu ún lẹ́ẹ̀mejì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó ti tó, Àǹtí. Dìde."

"Mò ń bọ̀, mà. Ẹ máa mu tíì yín."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Fáànù ń ṣiṣẹ́, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Nígbà náà ni Màmá na ọwọ́ ọ̀tún, ó gbá ife ògì tó wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ife náà fò lọ, ó fọ́ mọ́ ògiri. Màmá nawọ́ sí Àǹtí, ó ń fi gbogbo agbára wá ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ̀yìn," ó ní. "Ẹ̀yìn... ọmọ yìí."

Mo dìde láti fa Àǹtí sókè. Bí mo ṣe fi ọwọ́ kàn án, igbe kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Kò lè dìde. Kò lè jókòó. Mo fi tìmùtìmù sílẹ̀, mo rọra gbé e dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo pe àbúrò mi pé kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá láti Yábàá. Èmi náà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín àfọ́kù ife, a ń retí rẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́rin, mà."

"Oṣù mẹ́rin! O ò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ rí, mà. Kì í ṣe níbí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni. Mo sọ fún màdáámù pé ìbàdí ń dùn mí. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń fọ àwo lọ́wọ́, mo gbọ́ tí géètì dún. Ẹni tó máa rọ́pò mi ti dé, pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Àwo ò tíì tán, mà." Ó sinmi díẹ̀. "Àlejò ò gbọdọ̀ ṣàìsàn. Tó bá ṣàìsàn, wọ́n á ní kó lọ ṣe é nílé rẹ̀."

Mo béèrè bóyá Màmá mọ̀.

"Etí wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu mi, mà. Tí mo bá fẹ́ dìde, ohùn kan máa ń jáde. Mo máa ń gbé e mì, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti jẹ́ kí n gbé àwọn mọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń bá ara wa jà níbí. Wọ́n ní ká má lọ, mo ní a ó lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ìbàdí rẹ̀ mú. "Màmá lágbára o, mà. Ẹ ò tíì rí i níbi tí wọ́n ti ń jà."

Mo wo ìyá mi lórí ibùsùn. Obìnrin tí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀meje pé ó ṣagídí. Kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi gbèjà ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì ti fi ìwọ̀n ara rẹ̀ gbèjà olùtọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, nígbà tí èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ń fa ìlà pupa.

Bí a ṣe ń retí mọ́tò, mo pe obìnrin Pápá Àjàó tó mú Àǹtí wá, mo rò pé ó yẹ kó gbọ́. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Tíṣà, ẹ má ṣèyọnu rárá. Tí ẹ̀yìn bá ti ń dùn ún, ẹ dá a padà fún mi. Mo ní òmíràn nílẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó taagun! Ọ̀la ló máa dé."

Bí ẹni ń pààrọ̀ sílíńdà gáàsì ló ṣe sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé Àǹtí gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ibi tó máa dì mú kó lè dìde. "Ẹ jẹ́ kí n di ẹrù mi, mà. Màmá ti jẹun. Kí n kàn yí wọn padà kí n tó lọ, oníbúrẹ́dì ti kọjá."

"Àǹtí," mo ní, "dùbúlẹ̀." Mo sọ fún obìnrin orí fóònù pé kò sí ẹni tí à ń dá padà. Mo sì dìde, mo lọ yí ìyá mi sí òsì fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín oṣù mẹ́wàá. Mo ṣe é bákan ṣá. Àwọn méjèèjì ń wò mí.

Ayálégbé kan bá wa dúró ti Màmá. Ní ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti eegun yẹ ẹ̀yìn Àǹtí wò, ó wo fọ́tò inú ara tí wọ́n yà, ó ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ti yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ó ní tó bá tún gbé ẹnikẹ́ni báyìí, ó lè má rìn mọ́. Ó béèrè pé, "Ìgbà wo lo sinmi gbẹ̀yìn?"

Àǹtí rò ó dáadáa. "Ọjọ́ Kérésìmesì. Mo sùn lọ́sàn-án."

Obìnrin náà wá kọjú sí mi. "Mà, ta ló máa ń bá a gbé e?"

Mo ti béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. N kò mọ bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ kí èèyàn dúró níwájú ìbéèrè tó rọrùn, kó sì máa wo ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kó fi sinmi. Mo ní kó sinmi lọ́dọ̀ wa, pé ipò rẹ̀ ń dúró dè é. Kò gbà mí gbọ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí géètì bá ti dún, yóò na ọrùn wo ẹni tó ń bọ̀, bóyá ó gbé báàgì. Lọ́jọ́ kẹrin, mo mú báàgì tirẹ̀, mo kó aṣọ inú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù Màmá, mo sì gbé báàgì òfìfo náà sókè àjà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti na ọrùn mọ́.

Èmi wá di akẹ́kọ̀ọ́. Àǹtí jókòó lórí àga tó ní ẹ̀yìn gígùn, èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ má fà wọ́n, mà, ẹ yí wọn." "Aṣọ yẹn ti ká, ẹ tún un tẹ́." "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, kì í ṣe iṣu ni ẹ fẹ́ yí." Obìnrin ilé ìwòsàn ti fi hàn wá bí èèyàn méjì ṣe lè fi aṣọ tí a ṣẹ́ po fa aláìsàn lórí ibùsùn láìgbé e. Àǹtí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ń kọ́ mi dáadáa ju bí obìnrin náà ṣe kọ́ wa lọ. Ká ní inú ilé ìwé ni mo ti pàdé rẹ̀, n bá ti fi kíláàsì mi lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, àbúrò mi dé. Ọkùnrin gidi ni, ọgọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa rántí pé ó ti ju irin nínú eré ìdárayá rí. Ó ní fífi aṣọ nu Màmá lórí ibùsùn kò tó, òun yóò gbé ìyá òun lọ wẹ̀.

"Bọ̀dá, orúnkún ni kí ẹ tẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yìn," ni Àǹtí sọ láti orí àga rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá."

Ó gbé Màmá. Ó rìn ìṣísẹ̀ kan, méjì, ó rìn dé ẹ̀kẹrin. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó sì gbé Màmá jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, lé orí gbogbo aṣọ tí mo ká síbẹ̀. Màmá jókòó lókè aṣọ bí ọba, ó ń rẹ́rìn-ín, itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi di ògiri mú, ó ń mí bíi màálù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń ṣe èyí lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, tí a bá ka bíbọ̀ mọ́ ọn."

Ó wo Àǹtí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Ó yọ fóònù, ó pe bírìkìlà.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Eruku bo gbogbo ilé, Màmá ń sín. Nígbà tí símẹ́ńtì gbẹ, a gbé aṣọ kúrò lórí àga, a gbé Màmá sí i, àbúrò mi níhìn-ín, èmi lọ́hùn-ún. Àǹtí nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Àga kọjá, ààyè sì tún kù. Màmá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí a ṣe ń kọjá, ó fi ìka méjì ra etí ògiri tuntun náà bí ẹni ń yẹ aṣọ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò yínmú.

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Àǹtí fẹ́ tẹ orí ba. Mo ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Nínú ilé yìí, ọwọ́ la fi ń kí ara wa." Mo bọ Àǹtí lọ́wọ́ níwájú wọn. Ìyá tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ fẹ́ sọ nǹkan. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, títí kan ipa tèmi nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dúró sẹ́yìn, ó rọra béèrè lọ́wọ́ Àǹtí irú ọ̀já tí olùtọ́jú ìyá ọkọ òun lè máa dì, torí ọmọ náà ti ń rìn bákan.

"Kì í ṣe ọ̀já ló nílò, mà," ni Àǹtí dáhùn. "Ẹnì kejì ni."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì ní egbò kankan. Àbúrò mi máa ń wá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, Àǹtí sì máa ń sinmi ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó máa ń lọ rí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ohun gbogbo ti padà sí bó ṣe wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán. Kò lè gbé korobá omi. Bí òtútù bá mú, á máa fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, á sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun àti Màmá ti jọra. "Ẹ̀yìn mi ti mọ ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, mà. Ẹ ká aṣọ wọlé." Òjò ọ̀hún sì máa ń rọ̀. Ohun tí a ti gbà lára rẹ̀, a kò lè dá a padà. Èyí ló máa ń dùn mí nígbà tí àwọn èèyàn bá ní mo ṣe dáadáa sí i.

Mo mú ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí i padà sí àwọn ojú ewé tí mo ti fa ìlà pupa. Mo fagi lé "Màmá ṣagídí" níbi méjèèje. Mo kọ ohun tó yẹ kí n ti kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Màmá ń sọ fún mi pé ẹ̀yìn Àǹtí ń dùn ún."

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á dé ibí, bóyá ẹnì kan wà nílé yín tó ń gbé ìyá tàbí bàbá yín. Mo bẹ̀ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín tán, ẹ dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ lọ di apá kejì mú. Ẹ mọ bó ṣe wúwo tó. Ẹ bi í bí ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣe jí. Tó bá ní kò sí nǹkan, ẹ má tètè gbà á, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dá a lójú pé kò sí báàgì ẹlòmíràn lẹ́nu géètì. Ó ti pẹ́ jù kí èmi tó kọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́ ọgbọ́n.